Owó ọdẹ àdúgbò: ṣé kí ayálégbé máa san án, nígbà tí wọn kì í pè é sí ìpàdé?

ÌBÉÈRÈ: Ayálégbé ni mí ní ìhà Tanke, ní Ìlọrin. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa kan ń gbé. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ló ń gba owó ọdẹ lóṣooṣù. 1,000 náírà ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ti di 2,500, wọn kò sì ka ilé mọ́, yàrá ni wọ́n ń kà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti géètì. Síbẹ̀ wọ́n jí bátìrì sólà ilé tó kángun sí tiwa lóṣù tó kọjá, ọdẹ ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo béèrè ibi tí owó ń gbà lọ, alága ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù ni, kì í ṣe ti ayálégbé. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan tó fẹ́ du ipò ti ní òun yóò máa san owó ọdẹ fún wa títí di ìdìbò 2027, bí a bá lè kó orúkọ wa àti nọ́ńbà káàdì ìdìbò wa fún òun. Ṣé kí n máa san owó yìí? Ṣé kí n kó nọ́ńbà mi sílẹ̀?

*

San án, àbúrò mi. Nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ ni kó o má kó fún ẹnikẹ́ni, ì báà gbé sólà wá, ì báà gbé ìrẹsì wá. Màá padà sórí ìyẹn.

Èmi náà, ayálégbé ni mí. Aránṣọ ni mí, ọmọ Ìgbómìnà. Ìhà Gáà-Akanbí ni mo ti ń gbé láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì ti ṣe akápò òpópónà wa fún ọdún mẹ́fà. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ.

Ọdún kan wà tí a jẹ ọdẹ wa lówó oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ní àwọn kò rí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn kan ní lánlọ́ọ̀dù àwọn ni kó san án. Bàbá náà kò bá wa jà. Ó kàn wá iṣẹ́ kejì mọ́ ọn ni. Bó bá ti di aago méjìlá òru, á lọ máa ṣọ́ ilé epo kan létí títì. Àwa á máa gbọ́ fèrè lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn wa á balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jí ẹ̀rọ tó ń fa omi ní ilé mẹ́ta lóru ọjọ́ kan ṣoṣo la tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ń fọn fèrè náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń lọ sílé ìwé láàárọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ náà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, fèrè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ wá pé ká má lé bàbá òun. Owó oṣù mẹ́ta tí a kò san ló gbé ọmọ yẹn síta lóru. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ti sọ pé òun ò ní í san owó ọdẹ torí pé inú ń bí òun sí alága, mi ò lè dákẹ́.

Bá alága jà bó o bá fẹ́. Má fi ọdẹ jà.

*

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwa ayálégbé ni pé, ta ló nilé? Ẹni tó nilé ni kó ṣọ́ ilé. Mo ti sọ ọ́ rí, kí n tó di akápò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí olè ń gbé. Olè kì í gbé ògiri, kì í gbé páànù orí ilé. Fóònù ló ń gbé, sílíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀, bátìrì sólà, ọ̀kadà tí ẹnì kan kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Tiwa ni gbogbo rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù mìíràn ò tiẹ̀ gbé Ìlọrin, Èkó ló wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá gba owó ilé.

Àwọn lánlọ́ọ̀dù náà ní tiwọn. Wọ́n ní ayálégbé lè palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́la, kò yẹ kó máa bá àwọn pinnu ohun tí àwọn yóò máa bá gbé títí ayé. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà ni, tàbí tiránsífọ́mà, tàbí irú géètì tí a fẹ́ rì mọ́lẹ̀, mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ títí ayé. Ọ̀rọ̀ alẹ́ òní ni. Ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lálẹ́ òní ló yẹ kó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ibi tí òpópónà tiwa parí rẹ̀ sí, lẹ́yìn ìjà tó tó ọdún kan, nìyí: irin jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù, èèyàn jẹ́ ti gbogbo wa. Géètì, pọ́ọ̀lì iná, àgádágodo, ilé kékeré tí ọdẹ ń sá òjò sí, àwọn onílé ló ń san án, torí bí ayálégbé bá lọ, irin kò ní í bá a lọ. Owó oṣù ọdẹ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ló ń dá a.

Ohun tó yẹ kó o bá wọn fà gan-an ni yàrá tí wọ́n ń kà. Ẹ bá mi ṣírò. Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí yàrá kọjú sí yàrá, níbi tí àwọn aláàárù, aṣerunlóge àti ọmọ yunifásítì ń gbé, yóò san 25,000. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní mọ́tò mẹ́ta nínú ọgbà, tí ẹbí kan ṣoṣo ń gbé, bí wọ́n bá ní yàrá márùn-ún, ó yẹ kó san 12,500, ṣùgbọ́n ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa: lọ́pọ̀ ibi, wọ́n á ní “ilé kan” ni tàwọn, wọ́n á san 2,500. Ẹni tí olè ń lépa jù lọ ló ń san owó tó kéré jù.

Ìkòkò làwa ń kà. Ẹni tó bá ń dá iná ọbẹ̀ tirẹ̀, ìkòkò kan nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú yàrá kan tí wọ́n ń jẹun pọ̀, ìkòkò kan ni wọ́n. Ilé tó bá ní mọ́tò ń san ìpín méjì. Ìpín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la ní, 1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 51,000 nìyẹn lóṣù. Ọdẹ ń gba 45,000, èyí tó kù ń lọ sórí bátìrì àti káàdì fóònù rẹ̀. 45,000 náà ń tì mí lójú. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 láti ọdún 2024, a sì ń fi èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ bẹ ẹnì kan pé kó má sùn.

Nítorí náà, lọ ka ìkòkò òpópónà yín. Ìrìn wákàtí kan ni. Ka yàrá náà pẹ̀lú, kó o fi 2,500 lu iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọgọ́ta yàrá, 150,000 ló ń wọlé lóṣù. Lẹ́yìn náà, fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ ọdẹ fúnra rẹ̀, iye tó ń gbà. Ìgbà yẹn ni wàá mọ̀ bóyá ìjà wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

*

Ẹnì kan bi mí pé, ṣé kí àwọn kàn máa ti géètì láti aago mẹ́sàn-án, kí ọ̀rọ̀ ọdẹ tán? Rárá o.

Aago kan òru kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyàwó mẹkáníìkì kan lọ́dọ̀ wa ń rọbí. Géètì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ alága, alága sì ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Àbújá. Ọdẹ kò ní kọ́kọ́rọ́, torí wọ́n ní àwọn ò fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí a gbà láti ṣọ́ wa ni a kò fọkàn tán tó láti fún ní kọ́kọ́rọ́ géètì. Ọkọ obìnrin náà gbé irin ṣọ́kì mọ́tò jáde, ó ń fi lu àgádágodo. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo ń ka iye ìgbà tó lù ú, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó di ìgbà kẹjọ kí irin géètì tó já. Àgádágodo náà ṣì wà ní títì gbọnin, ó já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú irin lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, kò pariwo, ó kàn di irin kẹ̀kẹ́ mú. Ọmọ náà yè, ìyá náà yè, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ìró irin yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ di mẹ́ta lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọdẹ.

Aago mẹ́wàá náà kò burú fún ọjọ́ tí kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n Ìlọrin la wà. Nínú oṣù Ramadan, àwọn èèyàn ń ti wáàsí bọ̀ lóru, àwọn obìnrin ń dìde dá oúnjẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn onígbàgbọ́ ń lọ síbi ìṣọ́ òru. Ní Tanke tìrẹ, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kàwé di òru lásìkò ìdánwò. Bí géètì bá ń dá àwọn wọ̀nyí dúró síta, ìta yẹn gan-an ni wọ́n ti máa gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó dúró sẹ́nu géètì láti aago mẹ́wàá ààbọ̀ títí di méjìlá kí ọdẹ tó dé láti ìpẹ̀kun òpópónà kejì. Kí ló wá jẹ́ àǹfààní géètì fún ọmọ náà?

Iṣẹ́ géètì ni láti dá mọ́tò àti ọ̀kadà olè dúró, kí wọ́n má lè gbé ẹrù tó wúwo jáde kíákíá. Ẹni tó ń rìn lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó kan ilẹ̀kùn kékeré, kí ọdẹ wò ó lójú, kó wọlé.

*

Ẹ̀gbọ́n kan láti ìhà Òmù-Àrán sọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará Ìlọrin ń jà lórí géètì, àwa ò lè lọ sóko.” Mi ò ní í bá wọn jiyàn. Ìyá mi ṣì wà nílé ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Iṣu tí wọ́n ń gbìn sóko odò tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbìn ín sí báyìí, nídìí ọ̀pẹ̀ kan, ebè mọ́kànlá. Mo kà á nígbà tí mo lọ kẹ́yìn. Obìnrin tó ti ń ta iṣu fún wa rí ni wọ́n o. Èmi fúnra mi, bí mo bá fẹ́ gba Ìdọ̀fìàn àti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sílé, mo gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìlọrin kí oòrùn tó kan àtàrí, kí n má baà bá ọ̀sán wọ alẹ́ lójú ọ̀nà.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Eruku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara níbí, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn wà tí àwọn oníbọn fi ya wọlé. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó méjìdínlógójì lọ sínú igbó. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìròyìn ìdásílẹ̀ wọn jáde. Ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní èèyàn ní ìhà ibẹ̀ kò lè mọ bí ọjọ́ márùn-ún ṣe gùn tó.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Tanke. Fèrè àti tọ́ọ̀ṣì kò lè dá irú àwọn wọ̀nyẹn dúró. Àwa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018 mọ̀ pé téṣàn ọlọ́pàá gan-an ni àwọn adigunjalè náà kọ lù kí wọ́n tó ya bo àwọn báńkì, ọlọ́pàá sì wà nínú àwọn tó kú. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí téṣàn, ẹ má gbé irú ẹrù yẹn lé bàbá tó ń gba 45,000 lórí.

Àwọn kan ní Amọ̀tẹ́kùn ló yẹ kó wọ Kwara. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n ìṣèlú ka Kwara mọ́ àárín gbùngbùn àríwá, a kò sí nínú rẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí Kwara ní ọdẹ igbó tirẹ̀ tí ìjọba ń sanwó fún, tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n mọ ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ, pé kí a kàn pín ìbọn fún gbogbo ọmọkùnrin ìlú. Ìbọn ṣakabùlà pàápàá, ìwé àṣẹ ló yẹ kí ẹni tó ní in gbà. Ẹ pín ìbọn lónìí, ìdìbò dé lọ́la, ta ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ wọn? Àwọn ọdẹ tí ìyá mi ń sọ̀rọ̀ wọn, olórí ọdẹ mọ ilé bàbá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá yìnbọn, ìlú mọ ẹni tó yìn ín.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ lábúlé wa ni pé kò sẹ́ni tó ń dá lọ sóko mọ́. Oko márùn-ún tó wà ní ọ̀nà kan náà ń lọ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀ kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì ń mú orúkọ wọn kúrò bí wọ́n bá dé. Bí aago mẹ́rin bá lù tí orúkọ kan ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á lu agogo. Kò dá ìbọn dúró. Ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn ti sọnù.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀gá tó fẹ́ sanwó ọdẹ.

Àwọn mélòó kan ti bínú sí mi pé, owó ìlú ló fẹ́ ná lé wa lórí, kí la fẹ́ kọ̀ ọ́ sí? Kí wọ́n jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ó bá fẹ́ ri pọ́ọ̀lì iná sólà mẹ́rin sí òpópónà yín, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Irin ni. Bó bá wọlé tàbí kò wọlé, irin á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù èèyàn yàtọ̀. Ẹni tó ń san owó oṣù ọdẹ ni ọ̀gá ọdẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọlé wá ya pátákó ẹni kejì, ta ni ọdẹ yóò dá dúró? Lọ́jọ́ kejì ìdìbò, bí ó bá fìdí rẹmi, tí kò rán owó mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dá owó jọ, ẹ ó padà sórí fèrè ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ní ti nọ́ńbà káàdì: nọ́ńbà nìkan kò lè dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ BVAS, ìka tàbí ojú ẹni tó ni káàdì ló ń yẹ̀ wò. Nítorí náà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Láti fi dẹ́rù bà yín ni. Wọ́n á ní àwọn á mọ ẹni tí ẹ dìbò fún. Irọ́ ni, kò sí orúkọ ẹni tó dìbò lára bébà ìdìbò. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tí wọ́n bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé á gbà á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n níbi tó ti ń tẹ̀ka. Mo ti rí i. Ó yọ sí mi lẹ́yìn tó jáde, ó ní, “Ṣé wọ́n rí mi?”

Ẹni tó yẹ kí ẹ kọ lẹ́tà sí ni ẹni tó wà lórí àga. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà ní Kwara, wọ́ọ̀dù 193. A dìbò yan káńsẹ́lọ̀ àti alága kánsù ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Lóṣù keje ọdún kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé owó ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kó máa gbà á tààrà. Bi káńsẹ́lọ̀ yín léèrè pé kí ló dé tí iná òpópónà yín kò tàn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo ìkòkò òpópónà yín fọwọ́ sí i, kí ẹ gba èsì lọ́wọ́ akọ̀wé kánsù pé ó dé ọwọ́ wọn. Lẹ́tà tiwa gba oṣù méje kí ẹnikẹ́ni tó wá wo ọ̀nà. Iná méjì la rí gbà nínú mẹ́fà tí a béèrè. Méjèèjì ń tàn.

*

Ẹlòmíràn ní òun kò gbà pé kí a máa san nǹkan kan, pé ìyà tí a bá fi jẹ olè kan ní gbangba ni yóò kọ́ àwọn tó kù lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó fèsì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó ń ṣa páànù àti irin tó ti bàjẹ́. Ọmọ Hausa ni, àpò ńlá kan wà léjìká rẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá tó láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ̀rọ omi ẹnì kan ti sọnù lóru. Kí n tó wọ bàtà mi, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Mi ò lè dá èèyàn ogún dúró. Ìyá alákàrà tó wà níkorítá ló dá wọn dúró. Wọ́n fi ọmọrogùn ọwọ́ wọn sílẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣì wà dé ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n lọ dúró síwájú ọmọ náà. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí ni mò ń fún ní agolo òróró mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìsinsìnyí ló dé. Ẹ wo inú àpò rẹ̀.” A da àpò náà. Agolo mílíìkì, irin kẹ̀kẹ́, abẹ́ ìkòkò kan. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀.

Ìgbà mélòó ni ìyá alákàrà yóò máa wà níbẹ̀?

Ẹ di olè mú, ẹ gba ohun ọwọ́ rẹ̀, ẹ pe 112, ìpè náà kò gba owó, kí ẹ sì mú un lọ sí téṣàn ní kíá. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa ní téṣàn kan, ọmọ tí a mú wá lálẹ́ Mọ́ńdè wà nígboro ní Wẹ́sidé. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa, abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi afurasí pamọ́ kọjá ọjọ́ kan láìgbé e lọ sílé ẹjọ́, bí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà. Nígbà mìíràn, àwa tí a mú un lọ la kì í padà lọ kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, ọlọ́pàá kò sì rí ẹjọ́ tí yóò gbé dé kóòtù. Ẹ yan ẹnì méjì tí yóò padà lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ Mọ́ńdè yẹn, àwa yan méjì, ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní àyè. Ọmọ tí a mú lẹ́yìn ìyẹn dé iwájú adájọ́.

*

Àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti padà wá. Ó ka ìkòkò: mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó bi ọdẹ léèrè, ọdẹ ní 60,000 ni òun ń gbà. Ó kó ayálégbé mẹ́sàn-án lẹ́yìn lọ bá alága nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọn kò jà, wọ́n fi ìwé ìṣirò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Alága kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ó ní kí ayálégbé méjì máa wá sí ìpàdé. Ó wá ń bi mí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè fún.

Ẹ má kọ́kọ́ béèrè owó tó ti lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò ní í kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa lẹ ìṣirò oṣù tó bá parí mọ́ ara géètì, kí ẹni tó bá wọlé kà á. Ìwé ìṣirò tiwa jẹ́ ìwé olójú-ewé ogójì lásán, mo fi àmì sí iwájú orúkọ ẹni tó bá san. Orúkọ kan wà tí wọ́n kọ “kò sí nílé” sí iwájú rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá kí n tó gbà á lọ́wọ́ akápò àná. Ẹni náà wà nílé. Ọ̀rẹ́ akápò ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan fún ọdẹ, ọ̀kan fún alága. Ẹ̀kẹta, ẹ wá ẹni tó ń jí kí gbogbo yín tó jí. Lọ́dọ̀ wa, ìyá alákàrà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, kò sẹ́ni tó pè wọ́n sí ìpàdé rí fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń lọ ẹ̀wà. Wọ́n so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró wọn, wọ́n sì mọ gbogbo ẹni tó ń wọlé.